Àwọn Ìwé Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Ọwọ́ Kọ

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ìgbà wo ni ilé wa tú, mi ò ní sọ pé ìgbà tí Bàbá àgbà kú, mi ò sì ní sọ pé ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé. Ọdún tí Dádì ra tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí a fi ń kàwé, ni mo máa sọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi Ayọ̀dèjì, tí gbogbo wa ń pè ní Dèjì, ń lọ sí mẹ́tàdínlógún, ó sì ti wà ní kíláàsì tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò àṣejáde. Àwa méjì péré ni àwọn òbí wa bí. Ilé Bàbá àgbà, bàbá tó bí Dádì, là ń gbé ní Igbein, ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́fà tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà, tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ sì fẹ̀ débi pé kànga, igi àgbálùmọ̀ àti ilé ìdáná wà níbẹ̀, síbẹ̀ àyè ṣì kù fún wa láti sáré. Ìró géètì ló máa ń jí mi láràárọ̀. Dádì máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí Èkó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ adójútòfò kan, wọn kì í sì í dé títí oòrùn á fi wọ̀. Lẹ́yìn géètì ni màá gbọ́ ikọ́ Bàbá àgbà, ẹ̀ẹ̀mẹta péré, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbálẹ̀ Mọ́mì á bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, á máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ sápá ọ̀dọ̀ wa, títí ẹ̀rọ ìlọta tó wà ní òdìkejì títì á fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, tí ohun gbogbo yòókù á sì rì sínú ariwo rẹ̀. Mo mọ ìró wọ̀nyẹn ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, bí èèyàn ṣe ń mọ orin ṣọ́ọ̀ṣì.

Tíṣà ni Bàbá àgbà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tí wọ́n ń fi ojú àánú wò bíi ọmọ tó sọ pé òun ti kàwé ṣùgbọ́n tí kò lè sọ ohun tó kà. Ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n máa ń sọ fún wa, kì í yí padà: "Pa á dé, kí o sọ ọ́." Láàárọ̀ Sátidé, Mọ́mì á da ìrẹsì Ọ̀fàdà sórí atẹ, èmi àti Dèjì á jókòó sábẹ́ igi àgbálùmọ̀, a ó máa ṣa òkúta inú rẹ̀. Bàbá àgbà á gbé àga wọn jókòó tì wá, wọ́n á ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa sọ ohun tó kà lọ́sẹ̀ náà. Ọwọ́ wa wà nínú ìrẹsì, ojú wa wà nílẹ̀, ẹnu wa ń ṣiṣẹ́. Bí Dèjì bá dákẹ́ lágbedeméjì, wọn kì í bínú. Wọ́n á ní, "Ojú ewé tó wà ńkọ́? Apá ọ̀tún ni àbí apá òsì?" Dèjì á dijú. "Apá òsì, nísàlẹ̀, lábẹ́ àwòrán ọkàn." "Ó dáa. Kí ni wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán náà?" Gbólóhùn tó ń wá á sì jáde wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ki ọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀. Mo rò nígbà náà pé idán ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ohun tí Bàbá àgbà mọ̀ kò ju pé ọ̀rọ̀ máa ń ní ibùgbé lọ, pé ẹni tó bá mọ ilé tí ọ̀rọ̀ ń gbé yóò lè lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Dèjì ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Dókítà ẹranko ló fẹ́ dà. Ó ti mọ orúkọ egungun ewúrẹ́ láti orí dé pátákò, kò sì sí ọdún iléyá tí kì í lọ dúró ti àwọn alápatà ládùúgbò láti wo bí wọ́n ṣe ń ṣí ẹran.

Ní ọdún náà ni wọ́n kó gbogbo fáìlì ọ́fíìsì Dádì sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn àgbà òṣìṣẹ́ mẹ́ta tí wọn ò mọ̀ ọ́n lò gba ìwé pé kí wọ́n máa lọ sílé. Dádì kò sí lára wọn, ṣùgbọ́n àárín ẹni tó lọ kẹ́yìn nínú wọn àti Dádì kò ju tábìlì kan lọ. Láti ìgbà yẹn, kò sí oúnjẹ alẹ́ tí a ò ní gbọ́ ọ pé ayé ìwé ti lọ. Wọ́n á máa bu láfún, wọ́n á máa sọ ọ́. Bí ilá bá ń fà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á dúró kí wọ́n lè sọ ọ́ dáadáa. Mo ti dàgbà tó báyìí láti mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ìmọ̀ yẹn kò tíì mú inú mi rọ̀ sí wọn.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé tábúlẹ́ẹ̀tì náà wálé, wọn ò tiẹ̀ dúró fọwọ́ kí wọ́n tó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì ìjẹun. Wọ́n ní gbogbo ìwé tí Dèjì máa kà títí á fi ṣe ìdánwò ló wà nínú rẹ̀.

Mọ́mì ní, "Ìwé bàọ́lọ́jì tí tíṣà wọn ní ká rà ńkọ́?"

"Ó wà nínú ẹ̀. Kẹ́mísìrì wà níbẹ̀, gírámà wà níbẹ̀. Kí la tún fẹ́ fi bébà ṣe nílé yìí? Ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú ẹ̀."

Bàbá àgbà gbé nǹkan náà, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. "Olúṣẹ́gun, ìwé mélòó ló wà níbí?"

"Wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún, Bàbá."

"Báwo ni ọmọ yìí ṣe máa mọ ibi tó dé?"

Dádì rẹ́rìn-ín. "Fúnra ẹ̀ ló máa ń sọ fún un, sà."

Kí n má purọ́, inú gbogbo wa ló dùn, inú Dèjì sì dùn jù. Ó sùn ti tábúlẹ́ẹ̀tì náà. Eré kan wà lórí rẹ̀ tí èèyàn fi ń to èso aláwọ̀ oríṣiríṣi mọ́ra wọn kí wọ́n lè parẹ́, Dádì sì ní mo lè máa fi ṣeré fún ìdajì wákàtí nírọ̀lẹ́, bí mo bá ti fọ abọ́ tán. Mo ń fọ abọ́ lọ́dún náà bí ọmọ tí wọ́n ń lé. Dèjì ní tirẹ̀ ń kàwé kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Orí ìwé tó máa ń gbà á ní ọ̀sán méjì, á parí rẹ̀ kí Mọ́mì tó ro láfún tán. Á wá sọ fún mi pé òun ti ka orí mẹ́ta, pé ó yé òun yéké, mo sì gbà á gbọ́ nítorí òun náà gba ara rẹ̀ gbọ́. Ìyẹn ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà, ohun tí mo ń rí lára àwọn ọmọ tí èmi náà ń kọ́ báyìí: bí ọ̀rọ̀ bá ń kọjá lójú wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí gíláàsì, ó máa ń ṣe wọ́n bíi pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Wọn kì í mọ̀ pé ó ti lọ títí ẹnì kan á fi bi wọ́n.

Ẹni tó kọ́kọ́ bi Dèjì ni ilé ìwé. Ipò kejì ló máa ń gbà. Ìparí sáà àkọ́kọ́, ó gba ìkẹtàlá. Dádì ka èsì náà lẹ́ẹ̀mejì ní ìdúró, àpò ọ́fíìsì wọn ṣì wà léjìká. Wọ́n ní eré ló ń ṣe. Dèjì ní òun ò fọwọ́ kan eré kankan. Wọ́n ní, ọmọ tó ní ìwé bíi ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ tó wá ń gba ìkẹtàlá, kí ló ń ṣe bí kì í bá ṣe eré? Wọ́n pàṣẹ lọ́jọ́ náà pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi tábúlẹ́ẹ̀tì ṣe ohunkóhun mọ́ yàtọ̀ sí ìwé kíkà, ọwọ́ Dèjì nìkan ni kó sì máa wà títí ìdánwò á fi parí. Bí ìdajì wákàtí tèmi ṣe lọ nìyẹn. Lójú mi, Dèjì ló ba tèmi jẹ́, mo sì dì í sínú.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, Bàbá àgbà ní kó sọ ohun tó kà nípa kíndìnrín. Dèjì bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn gbólóhùn mẹ́ta, ó dúró. Ó ní ó kù díẹ̀ lẹ́nu òun. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kíndìnrín àti ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ lọ pọ̀ mọ́ra wọn.

"Ibo lójú ewé ló wà?" ni Bàbá àgbà bi í.

Dèjì dijú. Ó pẹ́ kó tó là á. "Kò ní ojú ewé, Bàbá. Ó máa ń yọ̀ lọ sókè ni."

"Lókè ńkọ́, àbí nísàlẹ̀?"

"Ibì kan náà ni gbogbo ẹ̀ ń gbà kọjá, sà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo mọ̀ pé mo kà á."

Ohùn rẹ̀ yí padà níbi gbólóhùn yẹn. Mi ò tíì rí i kí ẹ̀gbọ́n mi sunkún láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, kò sì sunkún lọ́jọ́ náà. Ó kàn ń ṣa òkúta tí kò sí nínú ìrẹsì. Bàbá àgbà dìde, wọ́n wọ yàrá wọn lọ, wọ́n sì gbé rẹ́jísítà mẹ́rin jáde láti abẹ́ ibùsùn, irú ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle tí tíṣà fi ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì, tí wọ́n kó wálé nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì tí wọn ò sì lò rí. Wọ́n ní kó má ṣe da ohun tó wà lójú tábúlẹ́ẹ̀tì kọ. Kó ka apá kan, kó dojú rẹ̀ délẹ̀, kó wá fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kọ èyí tó kù sí i lórí. Lẹ́yìn náà kó ṣí i wò, kó fi báírò pupa kọ èyí tó gbàgbé sí ẹ̀gbẹ́. "Yóò gba àsìkò," ni wọ́n wí. "Jẹ́ kó gbà á." Wọ́n tún ní kó máa ṣe é ní yàrá àwọn. "A ò ní bá bàbá rẹ jà lórí bébà. Nígbà tí èsì bá dé, èsì á bá a sọ̀rọ̀."

Ìdánwò ìgbaradì dé kí ọ̀nà tuntun náà tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, Dèjì sì ṣubú nínú rẹ̀. Dádì kò nà án. Wọ́n kàn sọ fún un lójú gbogbo wa, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, pé àwọn ń jí ní agogo mẹ́rin láti lọ wá owó tí àwọn fi ra ohun tí ọmọ ẹlòmíì ò ní, Dèjì sì ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. N kò mọ̀ bóyá nínà ì bá sàn jù. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, Dèjì kì í sọ̀rọ̀ mọ́ bó bá ti ilé ìwé dé. Á jẹun, á pọn omi kún àmù méjèèjì tó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, á sì wọ yàrá Bàbá àgbà lọ. Mo máa ń yọjú wò ó láti ojú fèrèsé. Tábúlẹ́ẹ̀tì á dojú délẹ̀ sórí àkéte, Dèjì á tẹ̀ ba rẹ́jísítà lórí ìkúnlẹ̀, á máa kọ, á máa dúró, á máa wo òkè àjà. Ó ya kíndìnrín tó tóbi tó àwo ìjẹun, ó fi báírò pupa fa iṣan rẹ̀. Oṣù méjì ló fi ṣe bẹ́ẹ̀, rẹ́jísítà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì kún. Bí Bàbá àgbà bá bi í ní ìbéèrè lọ́jọ́ Sátidé, á ní, "Rẹ́jísítà kejì, apá ọ̀tún, níbi tí báírò ti tú dànù sí," á sì máa sọ ọ́ lọ láìdúró. Mọ́mì á ti ibi ìdáná gbọ́ ọ, wọ́n á máa mi orí. Dádì nìkan ni kò mọ̀, nítorí oorun ni wọ́n máa ń sùn láàárọ̀ Sátidé, kò sì sí ìdánwò mìíràn láàárín tí ì bá fi hàn wọ́n.

Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìdánwò gan-an máa bẹ̀rẹ̀, ìròyìn dé láti Ọ̀fàdà pé àbúrò Bàbá àgbà tó jẹ́ obìnrin ṣubú nínú balùwẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ sì dá. Bàbá àgbà kó aṣọ díẹ̀, wọ́n lọ dúró tì í. Sátidé tí wọn ò sí nílé yẹn ni mo máa ń fẹ́ kí n lè yọ kúrò nínú ayé mi. Dádì jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń gé èékánná ẹsẹ̀ wọn. Mo ti fọ abọ́, mo ti gbálẹ̀, mo sì ti wo ojú fèrèsé yàrá Bàbá àgbà tí mo rí tábúlẹ́ẹ̀tì tó dojú délẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lò. Mo lọ bá wọn.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lo tábúlẹ́ẹ̀tì díẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ń fi kàwé."

"Kò fi kàwé, sà. Ó dojú ẹ̀ dé sílẹ̀ ni. Inú ìwé Bàbá ló ń kọ nǹkan sí."

Wọ́n dáwọ́ dúró. "Ìwé wo?"

"Rẹ́jísítà. Mẹ́rin ló ti kọ kún."

Mo ti yẹ gbólóhùn yẹn wò nínú ọkàn mi láìmọye ìgbà, kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Mo mọ ohun tí Dèjì ń fi rẹ́jísítà ṣe. Mo mọ̀ pé ó ń ràn án lọ́wọ́. Mo jókòó níbẹ̀ ní gbogbo Sátidé tó ń sọ ọ́ lọ láìdúró. Mo yọ apá ibẹ̀ kúrò, mo sì sọ ìyókù.

Dádì pè é. Ó jáde tòun ti báírò lọ́wọ́. Wọ́n ní kó lọ kó wọn wá, ó sì kó rẹ́jísítà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá, ó gbé wọn ka orí ara wọn sẹ́sẹ̀ Dádì. Mọ́mì ti jáde láti ilé ìdáná nígbà náà, tìyẹ̀fun tìyẹ̀fun lọ́wọ́. Dádì ṣí ọ̀kan, wọ́n ka bíi ìlà mẹ́rin.

"Ohun tó wà nínú ẹ̀rọ nìyí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Oṣù mélòó lo ti ń dà á kọ?"

"Oṣù méjì, sà. Mi ò dà á kọ. Bí mo ṣe ń rántí ẹ̀ nìyẹn."

"Ṣé ẹ̀rọ náà máa ń gbàgbé ni?"

"Rárá, sà. Èmi ni mò ń gbàgbé."

Mọ́mì ní, "Dádì Dèjì, ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré. Ohun tó bá wù yín. Ẹ bi í."

Bí wọ́n bá bi í, bóyá ìgbésí ayé ẹ̀gbọ́n mi ì bá gba ọ̀nà mìíràn. Wọn ò bi í. Wọ́n ní àwọn ti rí ìdí tó fi ń ṣubú: àsìkò tó yẹ kó fi ka ọgọ́rùn-ún ìwé ló fi ń ṣe akọ̀wé, bíi ti àwọn bàbá tí wọ́n lé kúrò ní ọ́fíìsì àwọn. Wọ́n ní àwọn ò ní jẹ́ kí ọmọ àwọn parí sí ibi tí àwọn yẹn parí sí. Ibi tí a ti ń sun ewé gbígbẹ lẹ́yìn ilé ìdáná ni wọ́n kó rẹ́jísítà náà lọ, wọ́n sì da kẹrosíìnì díẹ̀ sí i. Ẹ̀yìn ìwé wọ̀nyẹn le, kò tètè jó; Dádì ní láti máa fi igi ṣí wọn kí iná lè wọ inú. Bí wọ́n ti ń ṣí wọn, mo rí àwòrán, mo rí báírò pupa. Dèjì dúró, ó ń wò ó. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sì sọ pé Bàbá àgbà ló fún òun. Mọ́mì padà sídìí ìkòkò wọn, wọn ò sì bá Dádì sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n wọn ò tú ìwé kankan yọ nínú iná náà. Èmi náà ò yọ ọ̀kan.

Dèjì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù ka tábúlẹ́ẹ̀tì níwájú Dádì, ní pálọ̀, bí wọ́n ṣe pàṣẹ. Ó ṣe ìdánwò. Ó gba gírámà, ó gba Yorùbá, ó gba ìṣirò ní agbára káká, kò sì gba bàọ́lọ́jì àti kẹ́mísìrì, àwọn tí yunifásítì ò lè gba ẹnikẹ́ni láìsí wọn fún iṣẹ́ dókítà ẹranko. N kò lè búra pé rẹ́jísítà mẹ́rin ni ì bá gbà á là. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń kàwé lórí gíláàsì tí wọ́n sì ń yege, mo sì mọ àwọn tó jẹ́ pé bébà ò ṣe ohunkóhun fún wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ kan wá ọ̀nà tí ìwé ń gbà dúró sí i lórí, ó rí i, wọ́n sì sun ún lójú rẹ̀. Dádì ní àwọn á san owó kó tún ìdánwò ṣe. Dèjì ní, "Ẹ ṣé, sà." Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó lọ sí Ṣàgámù lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń to táìsì sílẹ̀ ilé, ó lọ kọ́ṣẹ́, kò sì padà wá gbé pẹ̀lú wa mọ́.

Bàbá àgbà ti dé láti Ọ̀fàdà kó tó lọ, nígbà tí ìdánwò ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ọjọ́ tí wọ́n dé, wọ́n ní kí Dèjì gbé rẹ́jísítà wá kí àwọn fi bi í ní ìbéèrè. Dèjì ní, "Wọn ò sí mọ́, sà," ó sì wo ilẹ̀. Bàbá àgbà dúró de Dádì ní pálọ̀ títí wọ́n fi ti Èkó dé. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Olúṣẹ́gun, bí mo ṣe kọ́ ìwọ náà ní ìwé nìyẹn."

"Ayé ti yí padà, Bàbá."

"Orí ọmọ ènìyàn ńkọ́? Ìyẹn náà ti yí padà?"

Dádì gbé àpò ọ́fíìsì wọn, wọ́n wọ yàrá lọ. Kí oṣù náà tó parí, Bàbá àgbà kó ẹrù wọn lọ sí Ọ̀fàdà, wọ́n ní àbúrò àwọn nílò ìtọ́jú. Ilé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ọmọ wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni a lọ kí wọn, ẹ̀ẹ̀kẹta ni ọjọ́ ìsìnkú wọn. Láàárọ̀ Sátidé, èmi nìkan ni mò ń jókòó sábẹ́ igi àgbálùmọ̀, mo ń ṣa ìrẹsì, kò sì sí ẹni tó ń bi mí ní ohunkóhun. Mo máa ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ kí n lè gbọ́ ohùn kan. Nígbà tó yá, Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìrẹsì inú àpò tí kò ní òkúta.

Tíṣà ni mí báyìí, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà sí Aké. Dádì ti fẹ̀yìn tì. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà, ilé ìwòsàn sì fi àkọsílẹ̀ bí wọ́n á ṣe máa lo oògùn àti ohun tí wọ́n lè jẹ ránṣẹ́ sórí fóònù wọn, ojú ewé mẹ́fà. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n sọ fún Mọ́mì pé ó yé àwọn. Oògùn tó yẹ kí wọ́n lò kí wọ́n tó jẹun, ẹ̀yìn oúnjẹ ni wọ́n ń lò ó; èyí tó yẹ kí wọ́n lò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ń lò ó lẹ́ẹ̀mejì, títí ojú wọn fi ṣú níbi tí wọ́n ti ń wẹ̀. Èmi ni wọ́n pè. "Bísí, bá mi tẹ nǹkan yìí sórí bébà. Kì í dúró sí mi lórí báyìí." Mo lọ tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà, mo gbé e lọ fún wọn. Wọ́n mú báírò. Wọ́n ka ojú ewé kìíní, wọ́n fa ìlà sábẹ́ ibi mélòó kan, wọ́n wá fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, wọ́n gbójú sókè, wọ́n sì ń sọ ọ́ fún ara wọn lábẹ́lẹ̀: òwúrọ̀, kí a tó jẹun, ẹyọ kan. Wọ́n ṣí ọwọ́ wò ó. Wọ́n gbà á. Wọ́n bọ́ sí èkejì.

Mo ní, "Dádì, bí Bọ̀dá Dèjì ṣe ń ṣe nìyẹn."

Ọwọ́ wọn dúró lórí bébà. "Ìgbà yẹn yàtọ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n sì ń ka tiwọn lọ.

Mo pe Dèjì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kì í ṣe ìgbà gbogbo la máa ń sọ̀rọ̀. Ọdún Kérésìmesì, ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ oògùn fún un, mo sọ ti bébà àti báírò. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín kan. Kò rín in. Ó ní, "Ṣé ó ti yé wọn báyìí?"

"Ó ti yé wọn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Mo gbọ́ ìró ẹ̀rọ tó ń gé táìsì lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo sọ ọ́. "Bọ̀dá Dèjì, èmi ni mo sọ fún wọn nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ rẹ́jísítà."

"Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Iná yẹn ò tíì kú tí mo wọlé wá mu omi. O ti jókòó sí pálọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì tí Dádì gbé fún ẹ wà lórí itan ẹ, ò ń ṣeré. O ní kí n wá wò ó, pé o ti dé ìpele kẹjọ."

Mo wá a nínú orí mi, mi ò rí i. Mo rí iná, mo rí báírò pupa, mo rí ọwọ́ Mọ́mì pẹ̀lú ìyẹ̀fun. Mi ò rí ara mi ní pálọ̀. "Mi ò rántí bẹ́ẹ̀," ni mo wí.

"Èmi rántí ẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ẹnì kan pè é láti ẹ̀yìn. Ó ní sìmẹ́ǹtì tí àwọn pò ti ń gan, ó sì pa fóònù.